Bushy Yate ni àbí ìbátan rẹ̀? Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí yúkálípítọ́ọ̀sì etí òkun

Oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Ẹni tó bá ti gba Jos tàbí Mambilla kọjá á ti rí yúkálípítọ́ọ̀sì tó ga fíofío, tí wọ́n ń gé ṣe òpó. Èyí tí mo fẹ́ gbìn kò jọ ọ́ rárá. Ní Albany tí à ń gbé yìí, ní gúúsù Western Australia, igi kan wà létí òkun tí wọ́n ń pè ní Bushy Yate, ìyẹn Eucalyptus lehmannii. Ìdí ilẹ̀ ló ti ń yọ ẹ̀ka. Nínú igbó, kì í sábà ga ju mítà 4 lọ, níbi tí atẹ́gùn òkun bá sì ti le, fífẹ̀ ló máa ń fẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Mo fẹ́ fi ṣe ọgbà yí ẹ̀yìn ilé ká, nítorí atẹ́gùn yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀fọ́ ìyàwó mi rójú.

Èso ti igbó ìjọba, tí hóró wà nínú rẹ̀, kò ṣeé já láìgba ìwé àṣẹ. Mo lọ bá bàbá àgbàlagbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ní ọ̀kan nínú àgbàlá rẹ̀, ó sì ní kí n gé iye tó bá wù mí.

Igi bàbá ń tanná lọ́wọ́, mo sì dúró wò ó títí. Ìrudi rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn nísàlẹ̀, wọ́n lè tó 20 nínú ìdì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wá na ìdérí gígùn síta bí ìka ọwọ́. Ìdérí yẹn ló máa jábọ́, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé tútù àti ìyeyè á tú jáde, tí oyin á sì dé. Bí òdòdó bá rẹ̀ tán, ìsàlẹ̀ tó lẹ̀ pọ̀ náà á gan, á di èso ńlá kan ṣoṣo, tó le koránkorán, tó sì rí ṣóṣóṣó káàkiri. Ẹbí kan náà ni òun àti gúáfà, àti kànáfùrù tí a mọ̀. Ẹni tó bá fi eyín kan èso yìí á mọ̀ pé a lè jọ jẹ́ ẹbí kí ìwà má jọra.

Bàbá ní lehmannii ni. Èmi ń ṣiyèméjì. Lọ́dún 1980, àwọn onímọ̀ nípa ewéko, Denis Carr àti Maisie Carr, ya igi kan sọ́tọ̀ kúrò lára lehmannii, wọ́n pè é ní Eucalyptus conferruminata. Àwọn ará ibí ń pè é ní Bald Island marlock, nítorí erékùṣù Bald Island tó wà ní ìlà oòrùn Albany. Ewé àti òdòdó àwọn méjèèjì jọra débi pé ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbìn káàkiri ayé lórúkọ lehmannii, conferruminata ni. Ìdí igi ni ìyàtọ̀ wà. Ti lehmannii máa ń wú, ó ń kó oúnjẹ pamọ́ síbẹ̀, bí iná igbó bá sì jó o, ọ̀mùnú tuntun á ti ibẹ̀ yọ. Èkejì kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá jó o, ó kú nìyẹn, àfi èso rẹ̀.

Oṣù Ọ̀wàrà

Èso rẹ̀ kì í já fúnra rẹ̀. Ó lè wà lórí igi fún ọ̀pọ̀ ọdún ní dídé pa, àfi tí ẹ̀ka bá gbẹ tàbí tí iná bá jó o. Mo kó wọn sínú àpò bébà, mo gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Wọ́n ń ṣí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó bọ́ sílẹ̀ jẹ́ ìyàngbò tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Hóró gidi ló dúdú díẹ̀. N kò ṣà wọ́n. Mo pò gbogbo rẹ̀ mọ́ yanrìn, mo fọ́n ọn sórí ilẹ̀ inú ike, mo sì gbé ike náà sínú omi kí ó máa fà á láti ìsàlẹ̀. Bí a bá da omi lé e lórí, hóró tó kéré bẹ́ẹ̀ á ṣàn lọ.

Oṣù Bélú

Wọ́n ti hù! Ewé àkọ́kọ́ méjèèjì là sí méjì lẹ́nu, bíi lẹ́tà Y. Ọ̀pọ̀ yúkálípítọ́ọ̀sì mìíràn kì í là bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tí à ń jiyàn lé lórí ló ń là, nítorí náà àríyànjiyàn kò tíì parí. Àwọn kan rà nídìí, wọ́n sì ṣubú. Mo dín omi kù, mo gbé ìyókù síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Àbúrò mi ní Ìbàdàn rí fọ́tò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi díẹ̀ ránṣẹ́.” Mo ní rárá. Ní Western Cape ní South Africa, conferruminata ti di igi àjèjì tí wọ́n ń sapá láti hú kúrò nínú igbó wọn. Kó gbin gúáfà.

Oṣù Ẹrẹ́nà

Mo ṣí wọn sínú ike ńlá kí gbòǹgbò má baà lọ́ pọ̀. Ìgbà náà ni mo fi ìka hú yanrìn kúrò nídìí wọn. Tó bá jẹ́ lehmannii ni, ibi tí ewé àkọ́kọ́ ti yọ ló yẹ kó ti máa wú. Ìdí tèmi gún gbọọrọ, kò sí kókó kankan. Mo pe bàbá wá wò ó. Ó ní orúkọ tó wà lára igi nígbà tí òun rà á lòun mọ̀ ní tòun.

Èyí yí ètò mi padà. Mo ti rò pé tí ọgbà náà bá dàgbà jù, màá gé e kanlẹ̀ kó tún rú. Conferruminata kò ní gba irú ẹ̀ yẹn. Tí a bá gé e débi tí kò sí ewé mọ́, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kú. Rírẹ́ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti kékeré ló kù. Mo sì ti sún ìlà náà jìnnà sí ògiri ilé, nítorí epo tó wà nínú ewé rẹ̀ máa ń mú kí iná ràn.

Oṣù Ẹ̀bìbí

Òjò ti dé, mo ti gbìn wọ́n, mítà 2 láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò fi ajílẹ̀ sí i, n kò sì fi igi tì í, kí atẹ́gùn máa mì ín kí ara rẹ̀ lè le. Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ike nítorí pé ìdí míì máa ń pẹ́ kó tó wú. Bàbá ní bí ọ̀kan bá wú, kí n wá fi han òun kí n tó fi han ẹnikẹ́ni.