Abọ́ áísìkiriìmù tí mo jí ní kíṣìnnì

Kò pẹ́ tí mo pé ọmọ ọdún 50 ni lẹ́tà NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí ní England, dé, pé wọ́n ń fi nǹkan kan bọ̀ wá fún mi. Ẹ̀bùn ọjọ́ìbí ni mo pè é. Nígbà tí nǹkan ọ̀hún máa dé, ike kékeré kan ni, kò ju ìka mi lọ, pẹ̀lú ìwé àlàyé àti àpò lẹ́tà tí èèyàn ò ní san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ìgbẹ́ mi díẹ̀ sínú ike yìí fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun, kí n jù ú sínú àpótí lẹ́tà pupa tó wà lójú títì. Ìgbẹ́ tèmi! Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e sórí fíríìjì lẹ́yìn páálí Indomie, mo gba ibi iṣẹ́ lọ.

Oṣù mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Lẹ́tà ìránnilétí dé, mi ò ṣe bí ẹni rí i. Ọjọ́ tí ìyàwó mi ń nu orí fíríìjì ló gbé e jáde.

"Dádì Tóbi, kí lẹ fi èyí pamọ́ fún?"

Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, èmi ò wá àrùn kiri. Ó wò mí títí.

"Bàbá yín ńkọ́?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Ní Òṣogbo, ẹ̀jẹ̀ ni bàbá wa máa ń rí tí wọ́n bá lọ yàgbẹ́. Gbogbo ilé ló mọ orúkọ tó ń jẹ́: jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣebí ẹni tó ń fi kóró ṣúgà mẹ́fà mu tíì ife kan ni bàbá. A gba ṣúgà lọ́wọ́ wọn. Ìyá alágbo bẹ̀rẹ̀ sí yà láràárọ̀, àgbo jẹ̀dí nínú ìgò ọtí, èyí tó korò ju ti àná lọ. Ọdún mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rù tán, tí ikùn wá wú, la tó gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà ní jẹjẹrẹ ìfun ni, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n lò sí i.

Mi ò bú ìyá alágbo o. Jẹ̀díjẹ̀dí wà, òun náà a sì máa mú kéèyàn rí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo la ní fún gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gba ibẹ̀ jáde.

Mo bá múra. Ìwé náà ní ìgbẹ́ ò gbọdọ̀ kan omi, kí n wá nǹkan fi gbè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú yìí mọ̀ pé kò sí áísìkiriìmù nínú abọ́ áísìkiriìmù nílé Yorùbá. Ata ló wà níbẹ̀, tàbí ẹ̀gúsí tó ti dì gbagidi. Mo rí òfìfo kan, mo jí i. Igi tín-ín-rín kan so mọ́ ìdérí ike náà, wọ́n fín in lójú wínníwínní. Ẹ máa fà á lórí ìgbẹ́ títí ojú fínfín yẹn á fi kún, ẹ tì í padà títí á fi dún "kó," ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ó tán. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó mi wá abọ́ ata ẹ̀. Ohun tó sọ fún mi ò ṣe é kọ síbí.

Ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí ni àyẹ̀wò yẹn ń wá. Bàbá wa rí tiwọn. Èmi ò rí nǹkankan rí, ara mi le koko.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èsì dé: ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, kí n wá fún colonoscopy, ìyẹn ni pé wọ́n máa ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ìdí wọ inú ìfun mi. Nọ́ọ̀sì tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ kì í ní jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ nìkan ni etí mi gbọ́.

Wọ́n ní kí n má jẹ ẹ̀wà, kí n má jẹ ẹ̀fọ́, ilá, ẹ̀pà, ohunkóhun tó bá ní kóró. Ìrẹsì funfun, ẹyin, adìyẹ. Ọjọ́ kejì ni mo mu oògùn ìfọnú, omi rẹpẹtẹ tó ń ta bí ọsàn tí wọ́n da iyọ̀ sí. Mo gbé fóònù àti ṣájà wọ ilé ìgbẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn síbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, mo ń wo inú ara mi lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó pọ́n, ó ń dán bí inú ẹnu ọmọ ọwọ́. Wọ́n yà ní kọ́nà kan, nǹkan bí olú kékeré dúró níbẹ̀. Polyp ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi wáyà kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n gé e. Wọ́n tún rí èkejì níwájú. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òmíràn nínú wọn a máa dà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ti ń bẹ̀rẹ̀. Àṣé èèyàn lè ká a mọ́ kó tó di ara ẹ̀! Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní tíì. Mi ò fi ṣúgà sí i, mi ò mọ ìdí.

Ẹni 50 sí 74 ọdún ni wọ́n ń fi ike yìí ránṣẹ́ sí ní England, ọdún méjì-méjì, tó bá ti ní GP, ìyẹn dókítà àdúgbò tí orúkọ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin tí ìwé yín ò tíì jáde, GP ò nílò ìwé ìgbélùú kí wọ́n tó kọ orúkọ yín sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ sọ fún wọn, torí àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ wọn ni ike ń lọ. Ẹni tó bá sì ń rí ẹ̀jẹ̀ kò ní máa dúró de ike kankan, ì báà jẹ́ ọmọ 30 ọdún. Ọmọ ọdún 43 ni Chadwick Boseman nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun pa á lọ́dún 2020.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Òṣogbo, mo ròyìn gbogbo ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ abọ́ títí. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn wálẹ̀.

"Àkànní, èmi náà ń rí i o. Ó ti tó ọdún kan. Àgbo ń bẹ nílé."

Mo fowó ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní ó ti dé, àwọn á lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ìgbéyàwó ọmọ àwọn. Mo ní ìgbà wo ni ìgbéyàwó. Wọ́n ní Dìsẹ́ḿbà. Oṣù kẹfà la wà.