Bọ̀dá, kí ló ṣe ètè yín?

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń tẹ èyí, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú torí ṣẹ́ẹ̀tì mi funfun ti di àkísà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mọ́tò mi, Benz 230E ọdún 1984 yẹn, náà ni. Tí n bá ti fi gíà sí D báyìí, á kọ́kọ́ dúró ronú ná kó tó já mi síwájú gbì! Mo ní ọ́ìlì gíà ló máa dín, ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé mọ́tò sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é o: wà á káàkiri kí ọ́ìlì gbóná dáadáa, bíi 80°C, páàkì síbi tó tẹ́jú, fa háńbùréèkì, fi gíà sí P, má pa ẹ́ńjìnnì, kó o wá fa géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ. Wọ́n tiẹ̀ ní kéèyàn má fi àkísà tó ń já òwú nù ún, torí òwú yẹn lè lọ há sínú àwọn ihò kéékèèké tí ọ́ìlì ń gbà nínú gíà. Gbogbo ẹ̀ ni mo ṣe. Ohun tí ìwé ò sọ ni bí géèjì yẹn ṣe gùn tó. Mo gbé irin tí wọ́n fi há a lórí sókè, mo bá ń fà. Mo fà, fà, fà, bí ẹni ń fa okùn kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣì ń bọ̀. Mo sún sẹ́yìn, ó ṣì ń bọ̀. Ó dé ibì kan mo rò pé abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n so ìdí ẹ̀ mọ́. Ìgbà tó wá parí, òjijì ló parí, ìdí ẹ̀ bá fì pẹ́ẹ́, ó da ọ́ìlì pupa sí mi lára láti èjìká dé ìdodo. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ láti lọ sóde! Ta ló ní kí n má bọ́ ọ ná? Èmi ọ̀gá mẹkáníìkì. Nígbà tó ti bà jẹ́ náà, mo kúkú fi etí ẹ̀ nu géèjì, ṣebí kì í já òwú.

Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó rí mi pẹ̀lú irin lọ́wọ́, pupa láyà. Igbe tó ké ló gbé bọ̀dá kejì ilé wa dé, àwọn tí kì í gbọ́ pé wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ n fi ara mi sílẹ̀ ná, ẹ bá mi wo bọ̀dá yìí.

"Ta ló ní kó o tanná sí i? Pa á! Ṣé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí lèèyàn ti ń wọn ọ́ìlì?"

Honda ni wọ́n ń wà, wọn ò sì parọ́, ti Honda, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kí wọ́n tó wò ó. Èyí kì í ṣe Honda! Kódà àwọn Chrysler àtijọ́ tó ń lo gíà TorqueFlite, N, ibi tí gíà ò ti mú, ni wọ́n ń fi sí, kì í ṣe P. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní ọdún wo ni wọ́n bí mi. Mo bá pa á. Bọ̀dá fa géèjì, ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè fíìfíì. Á kọjá kẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ọ́ìlì inú torque converter, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọnú gíà, a máa ṣàn padà sísàlẹ̀. "O ò rí i? O ti rọ ọ́ jù!"

Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ki róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ihò géèjì, wọ́n fẹnu fà á. Ẹ má dán an wò o, májèlé ni. Kò wá. Wọ́n tún fà. Ẹ gbọ́, ó wá. Wọ́n tu ú, wọ́n wúkọ́, wọ́n bú mi. Ètè wọn pọ́n yòò títí dé àgbọ̀n, síbẹ̀ wọn ò fa róbà yọ àfìgbà tí kẹ́ẹ̀gì kékeré kún.

Mo tan mọ́tò, mo fi sí D, kò lọ. Mo fi sí R kó padà sẹ́yìn, kò lọ. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, táyà ò mira. Bọ̀dá ní kí n tẹná sí i. Sí kí ni?

Ihò géèjì yẹn náà ni wọ́n ń gbà rọ ọ́ padà, àrọ tín-ín-rín, díẹ̀díẹ̀, torí láàárín àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè, bíi 0.3 lítà péré ni. Tó bá tún pọ̀ jù, àwọn nǹkan tó ń yí nínú gíà á pò ó títí á fi ru ìfófòó. Tuntun ni mo rọ o, itọ́ bọ̀dá ti wà nínú tàkọ́kọ́. Rọ díẹ̀, fa géèjì, nù ún, tún fà á, ẹ ṣáà ti mọ bó ṣe gùn tó.

Ẹnu ẹ̀ la wà tí ìyàwó bọ̀dá fi ti ibi iṣẹ́ dé. Wọn ò kí wa. Ètè ọkọ wọn ni wọ́n ń wò.

"Dádì, ta ló kun lípsítíìkì fún yín?"

Bọ̀dá ní ọ́ìlì gíà ni. Wọ́n ní dúdú làwọn mọ ọ́ìlì mọ́tò sí. Bọ̀dá ní ti ẹ́ńjìnnì nìyẹn, wọ́n dìídì pa ti gíà láró pupa kí wọ́n lè dá a mọ̀ ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ lèyí o, ìgbà tí wọ́n wá sòótọ́ lẹnikẹ́ni ò gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n ní kí n jẹ́rìí sí i. Èmi wo? Èmi tí pupa kan náà wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì mi?

"Ó dáa," ìyàwó wọn gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n nàka sí róbà, "ẹ tún fà á kí n rí i."

Bọ̀dá wò mí. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.