Belov Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ni Tèmi

Bí a bá dárúkọ Belov létí àwọn olólùfẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó parí eré àṣekágbá Òlíńpíìkì ní Munich lọ́dún 1972 ni wọ́n máa ń rántí. Aleksandr Belov ló ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn yẹn sáwọ̀n, tí Sófíẹ́tì fi borí Amẹ́ríkà, 51 sí 50. Ṣùgbọ́n Sergei Belov, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ rárá, ló kó pọ́ìntì 20 nínú 51 yẹn. Sergei ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ti pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá kò lẹ́jọ́ nínú. Abúlé kan ní agbègbè Tomsk, ní Siberia, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1944. Ó bá kíláàbù CSKA Mọ́síkò gba líìgì Sófíẹ́tì lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, òun ló tan iná Òlíńpíìkì Mọ́síkò ní 1980, nígbà tó sì di 1992, òun ni agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè àkọ́kọ́ tó wọ Naismith Hall of Fame, ilé ìyìn àwọn akọni básíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà.

Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ṣe lẹ́yìn náà ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Àwọn ọmọ girama ni mò ń kọ́ ní Ìbàdàn níbí, mo sì ti rí i pé ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá gan-an kì í sábà ní sùúrù. Ọmọ á ju bọ́ọ̀lù sófo, ọ̀gá á já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, á jù ú wọlé fúnra rẹ̀. Ọmọ ò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí Belov di akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Rọ́ṣíà, Sófíẹ́tì ti fọ́. Sabonis àti Marčiulionis, àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n wà nínú ikọ̀ Sófíẹ́tì tó gba wúrà Òlíńpíìkì ní 1988, ti di ti Lithuania. Àwọn tó ṣẹ́ kù ló kó dé àṣekágbá ife àgbáyé ní Toronto ní 1994. Amẹ́ríkà lù wọ́n lálùbami níbẹ̀, 137 sí 91. Ní Athens, lọ́dún 1998, wọ́n borí Amẹ́ríkà 66 sí 64 kí wọ́n tó dé àṣekágbá (Amẹ́ríkà ò kó àwọn ọmọ NBA, líìgì wọn tó lágbára jù, wá lọ́dún yẹn o, kí n má purọ́). Yugoslavia ló wá gba ife náà, 64 sí 62. Pọ́ìntì méjì péré! Ó ṣì ń dùn mí.

Lẹ́yìn náà ló lọ sí Perm, létí odò Kama, ìlú tó fi ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ jìnnà sí Mọ́síkò. Ural Great ni orúkọ kíláàbù ibẹ̀. Láti 1992 títí di 2000, CSKA ló ń gba líìgì Rọ́ṣíà lọ́dọọdún, kò sí ẹni tó rí i gbà lọ́wọ́ wọn. Belov, ọmọ CSKA pọ́ńbélé, ló kó àwọn ará Perm lọ gbà á ní 2001, wọ́n sì tún un gbà ní 2002. Lójú tèmi, èyí ju pọ́ìntì 20 Munich lọ.

Ó kú ní Perm ní October 2013, lẹ́ni ọdún 69. Mo ń wá fídíò eré tí Ural Great bá CSKA gbá ní 2001. Ẹni tó bá ní in, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi líǹkì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.