Àrọ̀ Gba Orí Àtẹ̀gùn Sọ̀ Kalẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ pè láti kí mi kú ewu, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ pè láti fi mí ṣẹ̀sín, mo gbọ́ ẹ̀rín yín kí ẹ tó sọ pé "hẹ́lò". Mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ àpótí ẹja tí mo kàn fúnra mi, torí èyí tí ìyàwó mi ń rò káàkiri Àkúrẹ́ ti fi ìrù kún ẹṣin.

Ilé ìtura kan ní Alágbàka ni mo ti rí àpótí dígí yẹn tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Mo bá wá ẹni tó ń tà á kàn. Owó ilé ọdún kan gbáko ló dá lé e! Mo wo dígí náà yíká: ìsàlẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjì. Dígí márùn-ún péré. Ṣé èmi tí mo fọwọ́ ara mi kan kéèjì adìyẹ, tí adìyẹ kò sì kú, ni màá wá san irú owó yẹn?

Lọ́nà Ọba Adésídà ni mo ti rí ẹni gé dígí fún mi. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, 2 ní fífẹ̀, 2 ní gíga. Ọkùnrin náà bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo ní ẹja. Ó ní, "Ọ̀gá, èyí tó nípọn tó mìlímítà 12 ni kẹ́ ẹ gbà o. Èyí tẹ́ ẹ ń wò yẹn, 5 ni, ti fèrèsé ni." Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ọlọ́jà wo ni kì í fẹ́ ta èyí tó wọ́n? Mo ní kó gé ti 5, kó sì tún dín owó rẹ̀ kù. Ó dín in kù. Ó wá gbàdúrà fún mi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí àyà mi ti já.

Sílíkóònù tí mo fi lẹ̀ ẹ́ sọ gbogbo pálọ̀ di òórùn fínígà. Ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa béèrè ẹni tó ń ṣe sàláàdì, ó fa àga, ó jókòó dè é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja ní FUTA náà yà wá. Ó ní, "Àǹkù, ẹ má lo sílíkóònù ti balùwẹ̀ o. Oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn kí ògiri má baà bu, ó ń pa ẹja. Ẹ sì jẹ́ kó gbẹ tó ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó bu omi sí i." Mo gbọ́ méjèèjì. Ó tún ní, "Gígùn kọ́ ló ń bá dígí jà o, gíga omi ni. Bí omi bá ṣe jìn sí ló ṣe ń ti ìsàlẹ̀ sí." Mo ní kó lọ jẹun.

Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ èyí sílẹ̀: omi kò jò, ẹ̀kán kan kò jò! Títí di òní olónìí, dígí ló fọ́, sílíkóònù mi kò já.

Lítà omi kan, kílò kan ni. Èyí tí mo fà láti inú kànga tí mo dà sínú àpótí yẹn lé ní lítà 400. Àpò símẹ́ńtì mẹ́jọ ni mo tò sórí tábìlì tẹlifíṣàn yẹn. Owó ẹja pupa tó ń dán kò kù lọ́wọ́ mi mọ́, ni mo bá ra àrọ̀ àti ẹpìyà láti odò ẹlẹ́ja kan. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo àlejò tó wò ó ń bi mí: "Ìgbà wo la máa jẹ wọ́n?"

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Dádì, dígí yìí ti lóyún." Mo ní ojú rẹ̀ ló ń ṣe é, omi máa ń jẹ́ kí nǹkan tóbi lójú. Ó mú rúlà ọmọ wa, ó fi lé dígí iwájú. Àárín rúlà fara kan dígí, orí méjèèjì wà lófuurufú, ó ń mì jègèjègè. Mo ní rúlà ló wọ́. Láàárọ̀, oyún oṣù mẹ́ta ni. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ oṣù keje. Ìyá ìyàwó mi, tó fi iṣẹ́ agbẹ̀bí jẹun rí, wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó rọra kó ìrọ̀rí rẹ̀ kúrò ní pálọ̀.

Òru ló bí, lẹ́yìn tí wọ́n mú iná lọ. Gbàù! Kápẹ́ẹ̀tì gbéra nílẹ̀. Ẹpìyà díẹ̀ há sábẹ́ àga, wọ́n ń yanu, omi gbá ìyókù jáde. Àrọ̀ ní tiwọn kò bẹ omi, torí wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń mí afẹ́fẹ́. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń bọ́ láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì, pàtì, pàtì, lọ sílé Bàbá onílé nísàlẹ̀. Èmi ń lé wọn tòun ti ṣòkòtò péńpé, mo fi eyín di fóònù mú kó lè tanná fún mi.

Ẹ wò ó, ẹ fi ti dígí sílẹ̀ ná. Bàbá onílé yìí! Ọkùnrin tó jẹ́ pé tí mo bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí páìpù tó bàjẹ́, wọ́n á ní ó ti sùn, òun ló jáde wéré lóru yẹn. Ó ń pariwo pé mo ti ba sílíńgì òun jẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń fi aṣọ ìbora bo bàsíà tí ìyàwó rẹ̀ gbé dání lẹ́yìn rẹ̀. Bàsíà náà sì ń jijó.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà, ẹja mi ńkọ́?"

"Ẹja wo? Omi nìkan la rí."

Nǹkan kan na ìrù nínú bàsíà, omi ta sí i nírùngbọ̀n. Ó nù ún. Ó ní òjò ti ń kán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òórùn ẹ̀fínrín gòkè wá bá wa. Òórùn yẹn la fi jẹ ẹ̀bà. Kò pẹ́, Bàbá onílé fi ìwé ránṣẹ́: owó sílíńgì, owó ọ̀dà, owó káfíńtà. Mo ṣírò rẹ̀ mọ́ ti dígí, sílíkóònù àti ẹja, ó ti kọjá iye tí wọ́n ní kí n fi ra èyí tó ti parí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un kó lè dín in kù. Ó ń fi igi ìṣáná tayín. Ó ní òun gbọ́, òun á yọ owó ọ̀dà kúrò.

"Àmọ́ tó o bá tún máa kan òmíràn," ó ní, "má kó ẹpìyà sí i mọ́. Egungun rẹ̀ ti pọ̀ jù."