Ọdún 2025 Nídìí Áàpù Alájọ

Ọdún 2025 yìí ni ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi áàpù fóònù tí mo ṣe fúnra mi nìkan jẹun láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Mi ò gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ ọn. Owó ilé, owó oúnjẹ, owó iléèwé ọmọ, inú ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ ló ń bi mí bóyá èèyàn lè jókòó sí Ìbàdàn kó dá irú iṣẹ́ yìí ṣe lóun nìkan. Ó ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Ìwé alájọ ni áàpù mi. Àwọn alájọ tó ń yí ọjà ká lójoojúmọ́ ló wà fún: wọ́n á gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà, wọ́n á kó o fún un lópin oṣù, wọ́n á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ ara wọn. Owó kankan kì í gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Àkọsílẹ̀ lèmi ń tọ́jú: ta ló dá, èló ló dá, ọjọ́ wo ló dá a. Tí orí ẹnì kan bá pé, a máa ń ní ó pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó ń gba àjọ láìkọ orúkọ, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Irú orí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ní Bódìjà tàbí ní Gbági ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe àwọn áàpù ẹ̀yáwó yẹn?" Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Àwọn áàpù kan kó nọ́ńbà gbogbo èèyàn tó wà nínú fóònù ẹni tó yáwó, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí ẹbí àti ará nítorí gbèsè tí kò tó nǹkan. Láti 2023 ni Google ti ka nọ́ńbà àti fọ́tò ẹni léèwọ̀ fún áàpù ẹ̀yáwó, àmọ́ ẹni tí ejò ti bù ṣán rí ò ní sinmi. Ìdí nìyẹn tí áàpù mi kì í fi í wo nọ́ńbà, kì í wo fọ́tò, kì í béèrè ibi téèyàn wà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni alájọ fi ń tẹ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba àsìkò, mi ò sì ní yí i padà.

Láàárín ọdún, àwọn kan wá bá mi pé kí n fi owó yíyá kún un. Wọ́n ní àwọn á mú owó wá, kí n mú àkọsílẹ̀ wá, kí á máa yá ẹni tó bá ń dá àjọ déédéé. Owó tí wọ́n dárúkọ kì í ṣe kékeré rárá. Mo ní rárá. Ibi tí ìyá kan ń kọ owó iléèwé ọmọ rẹ̀ sí, tí mo bá ṣí i fún ayánilówó kó máa kà á, ohun tí kì í ṣe tèmi ni mo tà yẹn. Inú mi dùn sí ìpinnu yìí ju gbogbo ohun tí mo kọ sínú áàpù lọ́dún yìí lọ.

Àárọ̀ kan wà tí mo tẹ̀lé ìyá alájọ kan káàkiri ìsọ̀ ẹlẹ́ran ní Bódìjà. Fóònù itel ló ń lò, gíláàsì rẹ̀ ti sán, ọ̀rá ti bo ìdajì ojú ẹ̀. Owó wà lọ́wọ́ òsì, àtàǹpàkò ọ̀tún nìkan ló ráyè tẹ nǹkan. Ojú ẹni tó ń sanwó ló sì ń wò, kò wo fóònù. Nígbà tí mo délé, mo gbé bọ́tìnì "Ó ti san" wá sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, mo fẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo ṣe é kí fóònù máa gbọ̀n lọ́wọ́ tó bá ti wọlé. Mo tún ṣe é pé ẹni tó bá tẹ "Sade" láìfi àmì kankan sí i á rí Ṣadé, torí kò sẹ́ni tó ráyè wá àmì láàárín ọjà.

Iṣẹ́ tí oníbàárà ò rí ló gba ọjọ́ mi jù. Àṣẹ Google ni pé láti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, àtúnṣe áàpù tá a bá gbé sórí Play Store, ọjà áàpù wọn, gbọ́dọ̀ bá Android 15 mu, ìyẹn ẹ̀dà kan lára ètò tó ń mú fóònù ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni àṣẹ mìíràn tún dé, pé kí áàpù lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù tó ń pín mẹ́mọ́rì rẹ̀ sí 16 KB, 16 KB. Android 15 ń mú kí áàpù tẹ́ dé etí ojú fóònù. Mo gbé e sórí fóònù tuntun kan láti dán an wò, bọ́tìnì "Ó ti san" ti wọ abẹ́ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti padà sẹ́yìn. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni mo tún tò kí n tó gbé e jáde. Alájọ tó ṣí i lẹ́yìn ìyẹn ò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, ohun tí mo sì fẹ́ nìyẹn.

Ní ti owó: ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni Google ń yọ nínú owó tó ń wọlé látorí áàpù. Náírà ló ń wọlé, dọ́là ni mo fi ń san owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àkọsílẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń dunni. Nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń darí iléeṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní kí owó ìpè àti dátà lè fi ìdajì gbéra, àwọn alájọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa dátà di alẹ́. Áàpù náà ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, mo kàn tún dín ohun tó ń fi ránṣẹ́ lálẹ́ kù ni. Ti iPhone, mi ò ní ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Dọ́là 99 ni Apple ń gbà lọ́dọọdún, mi ò sì tíì rí alájọ tó ń lo iPhone nínú ọjà. Òfin owó orí tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá pa lọ́dún ò ní owó orí, nítorí náà mo ti ń to ìwé ìnáwó mi jọ.

Ìyá alájọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn bi mí bá a ṣe ń kúrò ní ìsọ̀ ìkẹyìn: "Ọmọ mi, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, tí o ò bá sí ńkọ́? Ta ni màá pè?" Mi ò lè sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi nìkan ni mo wà nídìí iṣẹ́ yìí, owó ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì wà lórí àkọsílẹ̀ mi. Ní báyìí, alájọ lè tẹ ibì kan, kí gbogbo ìwé àjọ rẹ̀ di fáìlì tó ṣeé ṣí lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, tó sì ṣeé tẹ̀ sórí bébà, bí sáfà mi tilẹ̀ kú. Ó kù kí ẹlòmíràn mọ bá a ṣe ń tún áàpù náà ṣe. Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní pólì ti gbà. A ti sọ iye tí màá máa san fún un lóṣù, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní la ó sì bẹ̀rẹ̀.