Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Tó Bá Ìgbà Ìrúwé Mu

Ohun kan tí ọjọ́ pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fi yé mi ni pé ìgbà ìrúwé kọ́ ni èèyàn ń gbé kuílìtì ńlá lé itan. Aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tó ní ìpele mẹ́ta, ojú aṣọ lókè, òwú pẹlẹbẹ láàárín, ìtẹ́lẹ̀ lábẹ́, iṣẹ́ ìgbà òtútù ni. Bí ẹ ti ń rán an ló ń bo ẹsẹ̀ yín, tó ń mú yín móoru. Ṣùgbọ́n kí òtútù ṣáà ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, aṣọ yẹn á di ẹrù. Òógùn á máa ro sórí òwú, abẹ́rẹ́ á máa lẹ̀ mọ́ ìka, ọkàn á sì ti jáde síta ṣáájú ara. Ọ̀pọ̀ a máa bú ara wọn lásìkò yẹn pé ọ̀lẹ ń ṣe àwọn. Irọ́ ni o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé dání ni kò bá ìgbà mu.

Èmi a máa ká èyí tó tóbi, n ó fi aṣọ funfun wé e, ó dìgbà òtútù. Èyí tó gba inú àtẹ́lẹwọ́ ni mo ń mú sọ́wọ́: àbùlẹ̀ kéékèèké, òdòdó aláràbarà létí aṣọ ìnuwọ́, àtúnṣe ẹ̀wù tó ti fẹ́lẹ́ níbi ìgúnpá. Iṣẹ́ tó ṣeé gbé lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, sí ẹnu ọ̀nà, sí abẹ́ igi. Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, ẹ dá a padà sínú agolo, ẹ dìde, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Nínú gbogbo wọn, àbùlẹ̀ onígun mẹ́fà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wá bébà tó le díẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe káàdì ìkíni, ẹ gé e sí onígun mẹ́fà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 1. Ègé aṣọ tó jẹ́ ínṣì 2½ lóròó àti níbùú máa bò ó dáadáa. Ẹ fi bébà sí àárín ẹ̀yìn aṣọ, ẹ gé èyí tó pọ̀ jù níbi igun, kí nǹkan bí ìdá mẹ́rin ínṣì ṣẹ́ kù yí i ká. Ẹ ṣẹ́ etí aṣọ kan sórí bébà, ẹ ṣẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e gùn ún. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ní igun gan-an, ni abẹ́rẹ́ máa gbà wọlé, nínú aṣọ nìkan, láì kan bébà. Ẹ rán ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dúró. Ẹ má gé òwú o. Ẹ kàn fà á lọ sí igun tó kàn. Bí ẹ bá yí i po tán, ẹ fi èékánná tẹ gbogbo etí rẹ̀. Kí igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú ṣámúṣámú. Èyí tó bá rí roboto láàárín wọn, aṣọ kò fún mọ́ bébà níbẹ̀ ni. Ẹ tú u, ẹ tún un rán, kò gba àkókò.

Láti so méjì pọ̀, ẹ kọjú wọn síra, etí sí etí, kí abẹ́rẹ́ máa bu fọ́nrán méjì tàbí mẹ́ta péré lára aṣọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yí etí méjèèjì ká. Bí ẹ bá ṣí i, tí ẹ sì ń rí òwú lójú aṣọ, ẹ ti bù ú jìn jù. Ọ̀kan láàárín, mẹ́fà yí i ká, òdòdó kan délẹ̀ nìyẹn. Bébà ti àárín nìkan ló ṣeé yọ nígbà yẹn, torí òun nìkan ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ní alábàágbé. Ẹ fi ti àwọn tó kù sílẹ̀ títí wọn ó fi ní tiwọn. Bébà tí ẹ bá yọ, ẹ tún lò ó. Ó máa ń sìn yín pẹ́ kó tó rọ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú. Abẹ́rẹ́ ọwọ́, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ló ṣe tín-ín-rín tó. Nọ́ńbà 10 tẹ́ẹ́rẹ́ ju nọ́ńbà 7 lọ. Ti ẹ̀rọ ìránṣọ wá yàtọ̀ pátápátá: nọ́ńbà gíga níbẹ̀, abẹ́rẹ́ tó nípọn ni. Fún àbùlẹ̀ onígun mẹ́fà, nọ́ńbà 10 ni mo ń lò. Òwú kò sì gbọdọ̀ gùn ju láti orí ìka dé ìgúnpá lọ, nǹkan bí ínṣì 18. Òwú tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ á máa lọ́, á máa ta kókó, inú aṣọ tó ń gbà kọjá lọ́pọ̀ ìgbà á sì ti họ ọ́ kó tó tán. Bó bá ń yọ yín lẹ́nu síbẹ̀, ẹ fà á kọjá lórí ìda lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí mo ti dárúkọ abẹ́rẹ́: bó ti wù kó kéré mọ, kì í ṣe mímì fún adìyẹ, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ tó ń rákòrò. Iṣẹ́ tó ń tọ èèyàn káàkiri ilé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà ń rìn káàkiri ilé. Iye abẹ́rẹ́ kan náà ni kó máa wà nínú agolo yín nígbà gbogbo, kí ẹ kà á kí ẹ tó dìde níbi tí ẹ jókòó sí. Bí ọ̀kan bá dín, òòfà ni kí ẹ fi gbá ilẹ̀, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́.

Ìmọ́lẹ̀ ni oore ńlá tí ìgbà ìrúwé ń ṣe fún wa. Láti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Kẹta ni ọ̀sán ti ń gùn ju òru lọ ní ìhà àríwá ayé. Ẹ̀yin tó wà ní gúúsù, ẹ máa retí tiyín lápá ìparí oṣù Kẹsàn-án. Bí ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń ránṣọ, ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà lápá òsì yín, kí òjìji ọwọ́ má bàa bo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ. Alọ́wọ́ òsì, ẹ yí i sódì. Aṣọ dúdú tí òwú rẹ̀ náà dúdú, ọ̀sán gangan ni kí ẹ pa á mọ́ fún, kí ẹ yé fi alẹ́ fìyà jẹ ojú. Ojú náà ń fẹ́ ìsinmi: tí òwú kan bá ti tán lọ́wọ́ mi, mo ní láti wo ibi tó jìnnà níta kí n tó kó òmíràn sójú abẹ́rẹ́. Àwọn ẹyẹ ń kó koríko ṣe ìtẹ́ lásìkò yìí, eré ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kàn má ṣe da àjẹkù òwú síta fún wọn, bó ti wù kó jọ àánú tó. Òwú a máa wé mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹyẹ nínú ìtẹ́, á sì gé ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà bí ẹsẹ̀ ti ń dàgbà. Ìdọ̀tí ni kí ẹ dà á sí.

Oòrùn tó ń ràn wá lọ́wọ́ yìí náà ló ń ṣá aṣọ. Ẹ má fi àbùlẹ̀ yín sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé bí ẹ bá dìde. Aṣọ tí a ká síbẹ̀, lójọ́ tí ẹ bá tú u, inú ìká á ní àwọ̀, òkè á ti ṣá. Síbẹ̀, ṣíṣá náà ní ẹwà tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ní Gee's Bend, abúlé kan ní Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí odò ti yí ilẹ̀ ká, àwọn obìnrin adúláwọ̀ ibẹ̀ láti ìran dé ìran ti ń fi aṣọ iṣẹ́ oko tó gbó rán kuílìtì. Ẹ ó rí ṣòkòtò tó ti funfun níbi orúnkún, tí ojú ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀ sì dúdú kirikiri, wọ́n á sì tò ó pọ̀ bó ṣe wà. Lọ́dún 2002 ni wọ́n gbé iṣẹ́ wọn kọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ní Houston, lẹ́yìn náà ní New York, nígbà tó sì di 2006, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí sítáǹpù Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í tètè ra aṣọ tuntun fún àbùlẹ̀. Aṣọ àlòkù ti sún kì tó máa sún kì, ó ti da àwọ̀ tó máa dà. Bó bá jẹ́ tuntun lẹ ní, pàápàá pupa àti aláró, ẹ fọ̀ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó kàn án.

Tí ẹ bá ń yan àwọ̀, ẹ fi fóònù yín ya àwọn ègé náà ní fọ́tò aláìláwọ̀, dúdú àti funfun. Àwọn méjì tí ẹ rò pé wọ́n yàtọ̀ gedegbe, ewéko àti pupa ká ní, lè di eérú kan náà níbẹ̀. Òdòdó tí àárín rẹ̀ àti etí rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ bákan náà, èèyàn kò ní rí i lókèèrè. Bí ọmọdé bá wà nílé, iṣẹ́ tí ẹ lè gbé fún un nìyí: kó to àwọn ègé láti orí èyí tó dúdú jù dé orí èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwa àgbà lọ, torí wọn kì í wo aṣọ tó wọ́n.

Ìgbà yìí náà ni aṣọ òtútù ń bọ̀ wálẹ̀ lára. Kí ẹ tó kó wọn pamọ́, ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú fèrèsé, kí ẹ wò ó láti inú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọjú ló fẹ́ ya. Ẹ fi àbùlẹ̀ sí i lẹ́yìn, kó ju ojú ibi tó fẹ́lẹ́ lọ ní ínṣì kan yí ká, kí ẹ wá máa rán an ní ìlà gbọọrọ, abẹ́rẹ́ ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń jáde, títí tí ẹ ó fi dé orí aṣọ tó ṣì lágbára. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin Bengal, ní ìhà India àti Bangladesh, ṣe ń to sari gbígbó, aṣọ gbọọrọ tí wọ́n ń wé mọ́ra, léra wọn tó fi di ìbora tí wọ́n ń pè ní kantha, bẹ́ẹ̀ sì ni ti sashiko, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ilẹ̀ Japan, òwú funfun lórí aṣọ aláró. Ohun tí mo rí kọ́ lára sashiko ni pé níbi tí ẹ bá ti yí padà sí ìlà tuntun, ẹ jẹ́ kí òwú dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn aṣọ. Bí ẹ bá fà á le, ìfọ̀ àkọ́kọ́ á sún un jọ.

Kuílìtì tí a fi sun òtútù ńkọ́? Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le. Wàhálà rẹ̀ wà nígbà tó bá tutù, torí ó wúwo gan-an. Ẹ má fi kọ́ okùn, ìwúwo omi á fa ojú ìrán já. Orí aṣọ mímọ́ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí lábẹ́ ibòòji, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè. Bó bá gbẹ dénú, ẹ wé e sínú aṣọ òwú, kì í ṣe nínú ọ̀rá, torí ọ̀rá a máa sé ọ̀rinrin mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tú u, kí ẹ ká a sí ojú mìíràn. Èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe inú rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ dáadáa: ìdin kòkòrò aṣọ ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe èyí tó ń fò, ìdọ̀tí àti òógùn ara ló sì ń fà á wá.

Kó tó di pé iṣẹ́ kankan kúrò lọ́wọ́ yín, bó ṣe aṣọ ìnuwọ́ lásán, ẹ kọ orúkọ yín àti ọdún sí i lẹ́yìn. Harriet Powers, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Georgia lọ́dún 1837, kuílìtì rẹ̀ méjì ni a mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù. Ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, èkejì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Boston. Ẹni tó ra ọ̀kan nínú wọn ló kọ àlàyé ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lórí àwòrán inú rẹ̀, la fi mọ ohun tó ní lọ́kàn. Àìmọye iṣẹ́ tó dára bí tirẹ̀ ló wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọwọ́ tó rán an. Yíǹkì tí kì í ṣí lára aṣọ ṣeé lò, àmọ́ òwú ni mo fẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kí ẹ tó rán an. Bó bá ní ẹ, ọ tàbí ṣ nínú, kókó kékeré ló máa ṣe àmì ìsàlẹ̀: ẹ yí òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dá abẹ́rẹ́ padà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti jáde, ẹ fà á jẹ́jẹ́. Àmì ohùn, ìrán kan ṣoṣo tó dagun ti tó o.