Wákàtí Mẹ́jọ ní Mẹ́lítà: Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Ní oṣù Kejì ni ìyá mi papò dà n'Íbàdàn. Ní oṣù Karùn-ún, mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London. Ilé tí mo ní mo máa parí lọ́dún yìí, ibi tí mo bá a náà ló wà. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń ronú ọdún yìí, wákàtí mẹ́jọ péré ni ọkàn mi ń padà sí: ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá tí ọkọ̀ ojú omi tí èmi àti àbúrò mi bá gbafẹ́ lọ yà sí Valletta, olú ìlú Malta.

Ìyá mi ò dé Malta rí, ṣùgbọ́n Mẹ́lítà, bí Bíbélì ṣe ń pe Malta, kì í ṣe àjèjì sí i. Tí àdúrà àárọ̀ bá ti kan Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejìdínlọ́gbọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kà á. Ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́, èèyàn 276 tó wà nínú rẹ̀ yọ láìku ẹnì kan, àwọn ará erékùṣù sì dáná fún wọn nítorí òjò àti òtútù. Ibi iná yẹn ni màmá máa ń dúró sí. "Wọn ò bi wọ́n pé ọmọ ta ni yín o." Bíbélì rẹ̀ ni mo gbé dání lọ.

Abẹ́ odi òkúta aláwọ̀ oyin lọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, lífítì sì gbé wa gòkè, mítà 58, dé ọgbà Upper Barrakka. Jean de Valette, olórí àwọn ajagun ẹlẹ́sìn Jòhánù Mímọ́, ló fi ìlú náà lélẹ̀ ní 1566, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn Ọ́tómánì, ìjọba Tọ́kì ayé ìgbà náà, gbógun tì wọ́n tí wọn ò rí wọn ṣẹ́. Láti òkè yẹn mo wo òkun. Òun náà ni àwọn ọmọ wa ń fi ọkọ̀ rọ́bà gbà láti Líbíyà, ọ̀pọ̀ ni kò sì gúnlẹ̀.

Èdè wọn tiẹ̀ wá dùn mọ́ mi. Lárúbáwá ni orírun rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà Látìnì bíi tiwa ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Obìnrin kan tó ń ta ewébẹ̀ pe àlùbọ́sà ní "basal". Mo ní kó jọ̀ọ́ tún un pè. Sánmà tiwa, "sema" ni lọ́dọ̀ wọn, àlùbáríkà, "barka". Ìyá mi ta àlùbọ́sà ní Bódìjà fún ọgbọ̀n ọdún! Ọwọ́ mi ti kan fóònù kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí mo fẹ́ pè mọ́.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Jòhánù Mímọ́, èrò pé síwájú àwòrán tí Caravaggio yà ní 1608, bí wọ́n ṣe bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí. Inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú àwòrán ló kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ibojì Nicolas Cotoner, ọ̀kan lára àwọn olórí ajagun wọ̀nyẹn, lèmi dúró tì ní tèmi. Ẹrú méjì ni wọ́n gbẹ́ sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ba lábẹ́ ẹrù, ọ̀kan sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Mo mọ imú yẹn, mo mọ ètè yẹn. Àwọn ajagun tó ń gbàdúrà níbí ló ń kó èèyàn lẹ́rú lójú òkun, tí wọ́n ń fi wọ́n wa ọkọ̀, títí Napoleon fi lé wọn lọ ní 1798. Mo dúró tì í pẹ́. Mi ò ya fọ́tò.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù tó fọ́ sọ lórúkọ la lọ kẹ́yìn. Mo ṣí Bíbélì màmá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè ní Yorùbá. Nígbà tí mo dé ibi iná, ohùn mi há. Àbúrò mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lọ títí dé ibi tí wọ́n ti wọ ọkọ̀ Alẹkisáńdíríà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí wọ́n sì ṣíkọ̀.